Sítíríìpù, ELISA àbí ágà: èwo ló yẹ kí olóúnjẹ Ìbàdàn fi wá kòkòrò?

Ìyá kan tó ń ṣe wàrà àti yógọ́ọ̀tì lọ́nà Mọ́níyà mú ìwé ìdíyelé méjì wá bá mi ní láàbù. Ọ̀kan jẹ́ ti páálí sítíríìpù tí wọ́n fi ń wá Salmonella (kòkòrò àìfojúrí kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru), irú pélébé tó jọ èyí tí obìnrin fi ń yẹ oyún wò. Èkejì jẹ́ ti ẹ̀rọ ELISA, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nínú pátákó oníhò, owó rẹ̀ sì tó èyí tí èèyàn lè fi ra Micra àlòkù kó máa fi kérò. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó, èwo ni kí n rà nínú méjèèjì?” Mo ní, “Màmá, kí lẹ fẹ́ kó máa sọ fún yín?” Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wàrà òun dára kó tó kúrò nílé ni.

Kò sí àyẹ̀wò tó ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Sítíríìpù Salmonella á sọ ti Salmonella nìkan. Májèlé Staphylococcus, kòkòrò mìíràn, lè kún inú wàrà náà bámúbámú, sítíríìpù á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Torí náà a pa ìwé ìdíyelé méjèèjì tì, a kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn kòkòrò tó lè bá wàrà rìn sílẹ̀, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó mọ ohun tí a fẹ́ rà. Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ ka ìfiwéra yìí náà nìyẹn: kí ìbéèrè yín ṣáájú, kí irinṣẹ́ tẹ̀lé e. Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2015 pé èèyàn mílíọ̀nù 600 ni oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ń dá dùbúlẹ̀ lọ́dún kan, pé 420,000 nínú wọn ń kú, àti pé 125,000 nínú àwọn òkú yẹn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Ilà ara ni áńtíbọ́dì ń wò

Láyé àwọn bàbá wa, bí àlejò bá wọ Ọjà Ọba, kó tó yanu, ilà ojú rẹ̀ ti sọ ọmọ ibi tó jẹ́. Pélé ní tirẹ̀, àbàjà ní tirẹ̀, gọ̀m̀bọ́ ní tirẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí náà ní ilà lára: àwọn èròjà kan tó yọ síta lára awọ rẹ̀ àti lára ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Áńtíbọ́dì, tí àwọn kan ń pè ní sójà ara, mọ irú ilà kan pàtó. Bó bá ti pàdé ẹ̀, á dì mọ́ ọn, kò sì ní tú bọ̀rọ̀. Ara ẹranko àti ti èèyàn ló ń ṣe é láti fi bá àrùn jà. Àwọn onímọ̀ á gún ehoro tàbí ewúrẹ́ ní abẹ́rẹ́ òkú kòkòrò, wọ́n á gba áńtíbọ́dì tó ṣe jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á so àwọ̀ mọ́ ọn nídìí, wọ́n á wá rán an sínú oúnjẹ pé kó lọ bá wọn wá ẹni tó ní ilà yẹn.

Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ ti wá. Ẹni méjì lè kọ ilà kan náà kí wọ́n má bára tan: àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Citrobacter freundii, tí ilà wọn jọ ti E. coli O157, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, áńtíbọ́dì O157 sì máa ń dì mọ́ wọn. Òkú pẹ̀lú ní ilà lójú: kòkòrò tí iná ti pa nínú ìkòkò ṣì lè mú kí àyẹ̀wò sọ pé òun rí nǹkan. Ẹni tí kò bá sì ní ilà tí ẹ rán áńtíbọ́dì láti wá, á kọjá níwájú yín tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ ò ní rí i.

Ọ̀rọ̀ ilà yìí kàn wá gan-an ní Ìbàdàn. Ilà ara ni wọ́n fi pín Salmonella sí oríṣi tó lé ní 2,500, nínú ìwé ìpínsísọ̀rí tí wọ́n fi orúkọ Kauffmann àti White pè. Àṣà wọn ni pé orúkọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí oríṣi tuntun ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Salmonella Ibadan wà nínú ìwé náà. Mokola wà níbẹ̀, Dugbe wà níbẹ̀, Agodi náà wà níbẹ̀. Bí mo bá ń fi àwọn orúkọ yẹn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, orí mi máa ń wú, torí ẹnì kan ti jókòó rí, tó kán omi áńtíbọ́dì ẹyọ ẹyọ sórí gíláàsì, tó ka ilà ara kòkòrò náà tán kó tó fún un lórúkọ.

Ẹ má wá fi eléyìí wé Widal o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ fún mi pé àwọn ti ṣe “àyẹ̀wò taifọ́ọ̀dì” fún àwọn tó ń dáná, pé oúnjẹ àwọn mọ́ nìyẹn. Widal, tó ti wà láti ọdún 1896, áńtíbọ́dì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló ń wá. Ó lè mú nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí àìsàn tó ti lọ tipẹ́. Kò sọ ohunkóhun nípa ìkòkò yín.

Òru kan tí páálí kì í sọ

Lára páálí sítíríìpù, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn iṣẹ́ ni. Sítíríìpù kì í sábà rí kòkòrò àfi bí wọ́n bá tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún nínú mílílítà kan, òmíràn á ní kó tó mílíọ̀nù. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ìlànà oúnjẹ ń béèrè nípa Salmonella nínú oúnjẹ tí èèyàn ò ní sè mọ́ ni pé ẹyọ kan ò gbọdọ̀ sí nínú gíráàmù 25. Báwo la ṣe máa wá rí ẹyọ kan? A ó bọ́ ọ ni. A ó bu gíráàmù 25 wàrà sínú mílílítà 225 omi peptone (omi tó jẹ́ oúnjẹ kòkòrò), a ó gbé e sínú incubator (àpótí tó ń pa ooru mọ́) ní nǹkan bíi 37°C, a ó fi í sílẹ̀ sùn mọ́jú, ó kéré tán wákàtí 16 sí 18. Bí Salmonella bá rí oúnjẹ àti ooru, ẹyọ kan lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti di ọ̀kẹ́ àìmọye. Òkú kì í bímọ, torí náà òru yẹn náà ló ń yanjú púpọ̀ nínú wàhálà òkú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: bí ìlà bá pọ́n dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, alààyè ló wà nínú oúnjẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta pélébé fún yín pé ẹ ó máa kì í bọ inú ẹran lórí àtẹ ní Bódìjà, kó sọ lójú ẹsẹ̀ pé Salmonella ò sí níbẹ̀, ẹ má fún un lówó.

Ẹ tún wo apá kejì rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ́ kòkòrò, ìgò inú incubator yẹn léwu lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju oúnjẹ tí ẹ bù sínú rẹ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ gbé yàrá kan náà pẹ̀lú ibi ìdáná. Inú autoclave (ìkòkò ńlá tó ń fi ooru omi pa kòkòrò), ní 121°C, ni kó kú sí kí ẹ tó dà á nù, kì í ṣe inú sìǹkì. Ẹni tí kò bá ní yàrá ọ̀tọ̀ àti autoclave, kó gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sí láàbù. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ti yan àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè.

Sítíríìpù ní ẹ̀gbẹ́ ELISA

Ẹ jẹ́ kí n júwe sítíríìpù bí mo ṣe máa ń rí i láàárọ̀. A ó kán omi tó ti sùn mọ́jú sí ojú ihò kékeré kan. Omi náà á máa fà lọ lórí bébà funfun bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. Lójú ọ̀nà, ó gbé àwọn hóró wúrà tín-ín-tìn-ìn-tín tí a ti so áńtíbọ́dì mọ́. Wúrà tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í dán mọ́, ńṣe ló ń pọ́n bí omi sóbò. Hóró tó bá ti dì mọ́ kòkòrò á jọ máa bá a lọ, títí wọ́n á fi kan áńtíbọ́dì kejì tó ti ba dè wọ́n lójú ìlà. Ibẹ̀ ni wọ́n á há sí, ìlà pupa á sì yọ. Àwọn hóró tí kò rí ẹni dì mọ́ á kọjá lọ bá ìlà kejì, ìlà ẹ̀rí, tó ń sọ pé omi rìn dé òkè. Bí ìlà ẹ̀rí ò bá yọ, àyẹ̀wò kò tíì wáyé, bí ìlà kìn-ín-ní tilẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìlà tó bá sì rọ bí òjìji, ìlà ni. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó kọ “kò sí” sílẹ̀ nítorí pé ìlà ò pọ́n tó lójú rẹ̀, mo sì ní kó tún un ṣe níṣojú mi.

Ohun kan tún wà tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Bí kòkòrò bá pọ̀ jù, sítíríìpù lè sọ pé kò sí. Ẹ fojú inú wo gáréèjì Ìwó Road láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè: èrò pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, àwọn tí wọn ò rí ọkọ̀ wọ̀ ti ya bo ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ tó kún ò wá rí ibi yà sí. Bákan náà, àwọn kòkòrò tí kò rí hóró wúrà dì mọ́ á ti gba gbogbo ojú ìlà, àwọn tó gbé àwọ̀ pupa dání ò ní ríbi dúró. Bí omi bá rùn, tó ṣú, tí sítíríìpù sì ní kò sí nǹkan, ẹ fi omi peptone tuntun là á lọ́nà mẹ́wàá kí ẹ tún un ṣe.

ELISA ti wà láti ọdún 1971, nígbà tí Eva Engvall àti Peter Perlmann gbé e jáde ní Stockholm. Pátákó ike kan ni, oníhò 96, áńtíbọ́dì ti lẹ̀ mọ́ ìdí ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó da omi sí i, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó da áńtíbọ́dì kejì tó gbé enzyme (èròjà tó ń yí àwọ̀ padà) dání, ẹ ó tún fọ̀ ọ́, ẹ ó wá da omi àwọ̀ sí i. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ihò tí kòkòrò wà á di búlúù bí omi aró. Bí ẹ bá kán ásíìdì sí i láti dá a dúró, á yí padà di àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀rọ á sì fi nọ́ńbà ka bó ṣe pọ́n tó. Fífọ̀ yẹn ló ń gbé ELISA ga, òun náà ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ gbà-má-bínú-mi, gbogbo ihò ni yóò pọ́n fún un.

| | Sítíríìpù | ELISA |
|---|---|---|
| Lẹ́yìn òru ìbọ́kòkòrò | Ìṣẹ́jú 10 sí 20 | Nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3 |
| Sáńpù lẹ́ẹ̀kan | Ẹyọ kan sí sítíríìpù kan | Bíi 90 lórí pátákó kan |
| Iye kòkòrò tó ń fẹ́ nínú mílílítà kan | 100,000 títí dé mílíọ̀nù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ | 10,000 títí dé mílíọ̀nù |
| Ohun tí ń kà á | Ojú | Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iná tó dúró |
| Ibi tó ti ń já kulẹ̀ | Ìlà rírọ̀, kòkòrò àpọ̀jù | Fífọ̀, ìdíwọ̀n, iná tó lọ láàárín iṣẹ́ |

Èrò tèmi ni pé ẹni tí sáńpù rẹ̀ ò tó mẹ́wàá lójúmọ́ kò ní ohun tó fẹ́ fi ELISA ṣe fún wíwá kòkòrò. Bó bá tó ogójì, tí ènìyàn méjì tó mọ pipette (ohun tí a fi ń wọn omi díẹ̀díẹ̀) lò sì wà níbẹ̀, ELISA á bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ní owó ẹ̀rọ tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, bíi VIDAS, ó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà fífọ̀, ṣùgbọ́n ó ti so ara rẹ̀ mọ́ ẹnì kan tó ń ta ohun èlò rẹ̀.

Látẹ́ẹ̀sì àti mágínẹ́ẹ̀tì

Látẹ́ẹ̀sì kò gba àlàyé púpọ̀. Hóró ike kéékèèké tí wọ́n fi áńtíbọ́dì bò ló wà nínú omi. Ẹ pò ó mọ́ kòkòrò tó ti hù lórí ágà (oúnjẹ dídì inú àwo tí a fi ń mú kòkòrò hù), bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ ń wá, omi náà á dì ní ìdìkúdìí bí mílíìkì ṣe ń dì nígbà tí omi ewé bọmubọmu bá kàn án. Ó yá, kò gbówó lórí bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n ìjẹ́rìí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má dà á sórí oúnjẹ.

Mágínẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹran. Ẹ wo ṣàkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìpẹran dé: ọ̀rá, ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀, àti oríṣiríṣi kòkòrò tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. E. coli O157 tó fara pamọ́ sáàárín wọn lè má ju díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kòkòrò tí kò tó ọgọ́rùn-ún ti tó dá ọmọdé wó. Hóró irin kéékèèké tí wọ́n fi áńtíbọ́dì O157 bò ni a ó dà sínú omi tó ti sùn. Wọ́n á dì mọ́ tiwọn. A ó gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, gbogbo irin á rọ́ lọ sápá kan, a ó da ìdọ̀tí yòókù nù, a ó fọ ohun tó kù, a ó sì tẹ́ ẹ sórí ágà. Ìlànà àgbáyé ISO 16654 lórí O157 dúró lé e. Kì í dá iṣẹ́ ṣe, ó ń la ọ̀nà fún ohun tó tẹ̀lé e ni, ṣùgbọ́n nínú oúnjẹ tó dọ̀tí mi ò mọ ohun tó dà bí rẹ̀.

Kòkòrò ni ẹ ń wá ni, àbí májèlé rẹ̀?

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí àwọn oníwàrà àti àwọn tó ń dáná òde dúró díẹ̀. Wọ́n máa ń gbé mílíìkì wàrà kaná, torí náà ohun tó bá a wá láti ara màlúù sábà máa ń kú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọwọ́ á kàn án: wọ́n á fún un, wọ́n á gé e, wọ́n á kó o sínú omi rẹ̀, á sì wà nínú ike lórí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Staphylococcus aureus ń gbé nínú imú àti lọ́wọ́ èèyàn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bó bá pọ̀ nínú wàrà dé ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún nínú gíráàmù, ó lè ti pọ májèlé síbẹ̀. Ẹ wá dín wàrà yẹn nínú epo. Kòkòrò á kú, májèlé ò ní kú. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà, èébì dé.

Bí ẹ bá tẹ́ wàrà díndín yẹn sórí ágà, nǹkan kan ò ní hù, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mọ́. Áńtíbọ́dì nìkan ló máa gbà yín níbẹ̀, torí ó lè di májèlé náà mú fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ kéré tó nánógíráàmù kan nínú gíráàmù oúnjẹ. Èyí kò nílò òru ìbọ́kòkòrò, kò sì sí ohun tó ń sìn nínú ìgò. Fún májèlé Staphylococcus, ELISA ni mo ń yàn láìwo ọ̀tún wo òsì, ẹ gbé sáńpù lọ sí láàbù tó ní i.

Ti ìrẹsì òde yàtọ̀. Bacillus cereus máa ń hù nínú jọ̀lọ́ọ̀fù tó sùn sínú kúlà láìtutù. Ó ní májèlé tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kíìtì áńtíbọ́dì wà fún ìyẹn. Èyí tó ń fa èébì, cereulide, kéré jù, àwọn kíìtì yẹn kì í rí i, gbígbóná 121°C kì í sì í bà á jẹ́. Ẹ̀rọ ńlá ló ń wá a. Kíìtì tó bá ní “B. cereus” lára kò túmọ̀ sí pé ó ń wá méjèèjì.

Ẹ̀yin tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ, ọ̀rọ̀ yín ò sí nínú kòkòrò, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń lo sítíríìpù áńtíbọ́dì fún aflatoxin, májèlé inú àgbàdo tó ti bu, ohun tí àwọn ará IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, níbí ti bá jà fún ọdún púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé inú páálí. Ìlà sítíríìpù yẹn ń ṣiṣẹ́ lódìkejì: bí ìlà ìdánwò bá yọ dáadáa, àgbàdo dára, bí ìlà bá pòórá, májèlé wà níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ sítíríìpù oyún á kà á sódì.

Ẹni tó mọ ilà kan àti ẹni tó mọ ilà púpọ̀

Áńtíbọ́dì tó ti inú ẹ̀jẹ̀ ehoro wá jẹ́ àkópọ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ilà tirẹ̀ lára kòkòrò kan náà. Pólíkílónà ni wọ́n ń pè é. Ó ń rí kòkòrò tètè, ó sì ń ṣì èèyàn mú nígbà míì. Mònókílónà, tí Georges Köhler àti César Milstein rí ọ̀nà ṣe ní Cambridge ní 1975, mọ ilà kan ṣoṣo, páálí kan kì í sì í yàtọ̀ sí òmíràn. Nítorí ìyẹn, mònókílónà ni mo fẹ́ràn jù nínú kíìtì, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní 2011. E. coli kan wọ inú irúgbìn híhù tí wọ́n ń jẹ ní tútù, ó pa èèyàn tó lé ní àádọ́ta. Ilà tirẹ̀ jẹ́ O104. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún O157 ò lè rí i rárá. Kò sí ohun tó ṣe kíìtì, ilà mìíràn ni wọ́n rán an láti wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Listeria, kòkòrò tó lè gbé nínú fíríìjì: ọ̀pọ̀ kíìtì ń mú gbogbo ìdílé Listeria, kì í ṣe L. monocytogenes tó ń pani nìkan. Fún ẹni tó ń ṣe ẹran tútù tàbí sọ́sééjì, mi ò ka ìyẹn sí àléébù, torí bí èyíkéyìí nínú ìdílé náà bá ti lè gbé nínú fíríìjì yín, èyí tó burú náà lè gbé ibẹ̀. Ní South Africa, láàárín 2017 sí 2018, polony, irú sọ́sééjì ńlá kan, ló gbé e rìn. Àwọn tó ṣàìsàn lé ní ẹgbẹ̀rún, àwọn tó kú lé ní igba.

Ágà ń kọ́? PCR ń kọ́?

Ágà ṣì ni adájọ́. Fún Salmonella, ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, láti orí omi peptone dé orí XLD, irú ágà kan, níbi tí kòkòrò náà ti ń hù ní pupa pẹ̀lú dúdú láàárín. Ẹni tó bá hù níbẹ̀ wà láàyè, ẹ lè tọ́jú rẹ̀, ẹ lè mọ òògùn tó ń pa á, ẹ lè fi áńtíbọ́dì ka ilà rẹ̀. Nítorí náà bí sítíríìpù bá mú, ẹ gbé omi kan náà lọ sórí ágà kí ẹ tó dá ọjà nù tàbí kí ẹ tó pe oníbàárà. Bí kò bá mú, ẹ lè tú ọjà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì dípò ọjọ́ karùn-ún, èrè yín lórí rẹ̀ nìyẹn; yógọ́ọ̀tì tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kò gùn kò lè dúró de ọjọ́ márùn-ún. PCR ń ka àbùdá (DNA) inú kòkòrò, ó sì ń rí èyí tó kéré ju èyí tí áńtíbọ́dì ń rí lọ, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ ìbọ́kòkòrò, kò lè rí májèlé, ó sì ń fẹ́ yàrá tó mọ́ tónítóní ju ohun tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré ní lọ.

Oúnjẹ tiwa tí kíìtì ò mọ̀

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó lára páálí bóyá àjọ AOAC ti yẹ̀ ẹ́ wò tàbí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlànà àgbáyé ISO 16140, kí ẹ sì béèrè irú oúnjẹ tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹran màlúù, adìyẹ, mílíìkì lúbúlúbú lẹ ó sábà rí. Ẹ ò ní rí ìrú, ẹ ò ní rí ògì, ẹ ò ní rí yàjì.

Yàjì ló ń kọ mí lóminú jù. Kànnáfùrù, ata ilẹ̀ àti àwọn ohun olóòórùn míì inú rẹ̀ lè dá kòkòrò lọ́wọ́ kọ́ nínú omi peptone, kí ó má lè pọ̀ mọ́jú. Sítíríìpù á wá ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọ́n yàjì náà sórí sùyà, tó bá ọ̀rinrin àti ọ̀rá pàdé, kòkòrò náà á jí. Ìwé ìlànà àwọn Amẹ́ríkà sọ pé fún kànnáfùrù, kí èèyàn la á lọ́nà ẹgbẹ̀rún kan. Fún sínámọ́nì, lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Àlùbọ́sà àti áyù gbígbẹ ń fẹ́ kí a fi potassium sulphite sínú omi. Ògì àti nùnú (mílíìkì kíkan) máa ń kan, ẹ kọ́kọ́ pa kíkan wọn, torí kíkan náà ń ba ìdìmú áńtíbọ́dì jẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ní kí láàbù mọ̀ọ́mọ̀ fi kòkòrò díẹ̀ sínú oúnjẹ yín, kí ẹ wò ó bóyá kíìtì á rí i. Bí kò bá rí èyí tí ẹ fọwọ́ fi sí i, kò ní rí èyí tó bá ara rẹ̀ wọlé.

Fíríìjì

Áńtíbọ́dì jẹ́ púróténì, ooru ń bà á jẹ́ bó ṣe ń ba ẹyin jẹ́. Ọ̀pọ̀ kíìtì ELISA ló ń fẹ́ 2 sí 8°C. Ní ọdún kan, iná lọ láti alẹ́ ọjọ́ Fáídè, àwa náà lọ sí ọdún Iléyá. Nígbà tí a dé lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, omi yìnyín ti gbẹ lábẹ́ fíríìjì, pátákó mẹ́ta tí a kò tíì ṣí rárá ti gbóná. A fi kòkòrò tí a mọ̀ dán an wò, ihò kankan ò yí àwọ̀ padà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìdánwò méjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́, ọ̀kan tó dájú pé kòkòrò wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tó dájú pé kò sí. Ọ̀pọ̀ sítíríìpù ń fara da ooru yàrá títí dé 30°C, ìyẹn náà sì ni mo fi ń gbè wọ́n lẹ́yìn níbí. Ṣùgbọ́n yàrá onípáànù ní oṣù Kejì kì í ṣe 30°C. Ràkúnmí ní áńtíbọ́dì kékeré kan tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní 1993, tó ń fara da ooru ju tàwọn ẹranko yòókù lọ. Ọkàn mi wà lára ìyẹn gidigidi.

Ohun tí màmá náà rà

Kò ra ẹ̀rọ. A pín ìbéèrè rẹ̀ sí méjì. Ti Salmonella, ó ń gbé sáńpù wá fún wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àwa ń bọ́ ọ mọ́jú, a ń fi sítíríìpù wò ó, èyí tó bá mú ń lọ sórí ágà. Ti Staphylococcus, a ń kó sáńpù jọ di oṣù, a sì ń fi wọ́n sórí pátákó ELISA kan pẹ̀lú tàwọn oníwàrà míì, kí owó lè pín. Nínú owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ra tẹmómítà méjì àti kúlà ńlá kan. Nígbà tó tún wá, ó ṣí kúlà náà fún mi: wàrà funfun nínú omi rẹ̀, yìnyín yí i ká, tẹmómítà há sí ẹ̀gbẹ́, ó ń ka 5°C.